Ìmọ́lẹ̀ Tirẹ̀, Ariwo Tèmi

Inú àgọ́ ni mo wà lóru ọjọ́ náà,
mo ń fẹ́ iná sábẹ́ kẹ́tùlù,
ìgbẹ́ màlúù tí kò gbẹ dáadáa ń rú èéfín sí mi lójú.
Ìta ni Kasimalí wà, bàbá tó bí ìyá mi,
ó jókòó ti abo ẹṣin tó ń rọbí,
ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e níkùn,
torí ọwọ́ ló fi ń gbọ́ràn.
Ẹ̀tù tí wọ́n fi ń fọ́ òkè níbi ìwakùsà
ló gba etí rẹ̀, kí wọ́n tó bí mi.

Kò sí òṣùpá. Adágún Son-Kul dákẹ́ rọ́rọ́.
Àfi bí ihò róbótó orí àgọ́ ṣe funfun yòò.
Mo ní ta ló tan iná mọ́tò sí wa?
Mọ́tò wo ló ń gba ojú ọ̀run bọ̀?
Mo rí irun apá mi lọ́kọ̀ọ̀kan.
Mo rí òjìji kẹ́tùlù lára ògiri,
ó gbéra níbi ibùsùn, ó rìn dé ẹnu ọ̀nà
bí àlejò tó fẹ́ máa lọ,
ó sì pòórá.

Kí n tó sáré jáde
òkùnkùn ti padà sórí ìjókòó rẹ̀.
Ó ku ojú ọgbẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ kan lókè,
tó ń pọ́n, tó ń ṣá.
Bàbá wà lórí ìdúró, fìlà rẹ̀ ti já bọ́,
ẹnu rẹ̀ là bíi tọmọ tí wọ́n fẹ́ rọ lóògùn.
Ó fọwọ́ yà á fún mi:
láti orí òkè Moldo, ó ré adágún kọjá.
Ó di ẹ̀ṣẹ́ méjèèjì pọ̀: bó ṣe tóbi nìyẹn.
Ó fa koríko tu: àwọ̀ rẹ̀ nìyẹn.
Ó fa gèlè pupa mi: ìdí rẹ̀ nìyẹn.
Ó tú ìka ká. Mẹ́ta ló fọ́ sí.

Mo ní, "Mi ò rí i."
Ó ka ètè mi, àánú mi sì ṣe é,
bí àánú rẹ̀ ṣe máa ń ṣe mí
nígbàkígbà tí rédíò bá ń sọ̀rọ̀.
Ìròyìn ò kúkú tó àfojúbà.

A dúró bẹ́ẹ̀. Omi hó, ó pa iná.
Ìgbà yẹn ló tó dé.
Gbì-ì-ì.
Àrá kọ́. Àrá máa ń mọ ibi tó ń lọ.
Èyí dà bí ẹni ti ilẹ̀kùn irin,
tó gbàgbé nǹkan sílé, tó wọlé, tó tún un tì.
Gbì. Gbì-rì-rì-rì.
Ajá kó sábẹ́ kẹ̀kẹ́ ẹrù.
Àgùntàn wọ́ jọ, wọ́n di òkìtì kan.
Bàbá ò mira.
Ó ṣì ń rẹ́rìn-ín sí ohun tó ti lọ tipẹ́.

Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́?
Mo fi gìgísẹ̀ gbálẹ̀. Kò tó.
Mo gbá ilẹ̀kùn àgọ́. Irọ́ ni.
Mo wá fi ẹ̀ṣẹ́ lù ú láyà,
jẹ́ẹ́jẹ́ lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà kíkan kíkan,
mo jẹ́ kó yí gbirigbiri lọ dé èjìká.
Ojú rẹ̀ yí padà.
"Ó tún sọ̀rọ̀?"
Mo ní ó sọ̀rọ̀.
"Kí ló ní?"
Mo rò ó títí. Mo ní, "Ó ní òun ti kọjá."
"Ìyẹn ò ṣẹ̀ṣẹ̀ di tuntun," bàbá wí,
ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀,
nítorí ẹsẹ̀ ọmọ ẹṣin ti yọ.

Lẹ́yìn ìrun àsùbá, àwọn ọmọ Satarkul
gun alùpùpù dé, wọ́n ń wá òkúta.
Wọ́n ní ta ló rí i níbí?
Bàbá na ọwọ́ sókè, ẹ̀jẹ̀ ìbí ṣì wà lára rẹ̀.
Mo wò ó.
Èmi náà na tèmi.